Oúnjẹ Kíákíá ní Ìlú Kánádà àti Ìlú Yúróòpù: Ìbéèrè Tó Ń Wáyé Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Kí là ń pè ní oúnjẹ kíákíá níbí?

Oúnjẹ tí èèyàn dúró ní káńtà rà, tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì lè jẹ lórí ìdúró. Bọ́gà àti adìyẹ díndín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Döner (ẹran Tọ́kì nínú búrẹ́dì) ní Berlin, pòtétò díndín ní Brussels, poutine (pòtétò díndín tí wọ́n bu wàrà àti ọbẹ̀ lé) ní Montreal, donair (ọmọ ìyá döner) ní Halifax, ẹja díndín àti ṣípìsì ní Glasgow, gbogbo wọn ni fast food.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí ibi tí oúnjẹ kíákíá ti dára jù, Kánádà tàbí Yúróòpù, máa ń fi bọ́gà ojú ọ̀nà márosẹ̀ ṣojú Kánádà, wọ́n á wá fi písà Naples ṣojú Yúróòpù. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n ń lò yẹn.

Ní kúkúrú, ibo ni tiwọn dára jù?

Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan náà tó wà ní apá méjèèjì ni ẹ ń bi mí, Yúróòpù fi díẹ̀ ṣáájú: iyọ̀ ibẹ̀ sábà máa ń kéré, òfin ẹran ibẹ̀ sì le. Tó bá jẹ́ oúnjẹ tí ìlú fi ń yangàn, n kò rí ìdí tí ẹni tó ń gbé Montreal yóò fi máa ṣe ìlara ará Brussels.

Ohun tí mo ti wá gbà gbọ́ ni pé bí iná tó se oúnjẹ náà ṣe jìnnà sí ẹnu yín tó ló ń pinnu bó ṣe máa dára. Níbi tí ẹni tó ń dín in bá ti wà lójú yín, tó gbé e fún yín bó ṣe ń jáde nínú òróró, ẹ ó jẹun gidi, ì báà jẹ́ Halifax, ì báà jẹ́ Amsterdam. Níbi tó bá ti jẹ́ pé wọ́n ti sè é ní ilé iṣẹ́ kan tó jìnnà, tí wọ́n gbé e wá nínú yìnyín, tí wọ́n kàn ń gbé e gbóná, orúkọ ìlú ò lè ràn án lọ́wọ́.

Ṣé orúkọ kan náà lẹ́nu ọ̀nà túmọ̀ sí oúnjẹ kan náà?

Rárá o. McDonald's dé Kánádà ní 1967, ní Richmond tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vancouver. Ó dé Yúróòpù ní 1971, ní Zaandam nítòsí Amsterdam. Ẹran màlúù Kánádà ni wọ́n ń lò ní Kánádà, ẹran Ìlú Ọba àti Áyálàǹdì ni wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù. Búrẹ́dì, sọ́ọ̀sì àti òróró náà ń tẹ̀ lé òfin ibẹ̀ àti ahọ́n àwọn ará ibẹ̀.

Ẹ tún rántí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí, ẹni tó san owó láti lo orúkọ náà ló ni wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ni iye òṣìṣẹ́ tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méjì òru wà, òun náà ló sì ń rí sí i bóyá wọ́n ń pààrọ̀ òróró nígbà tó yẹ. Mo ti ra bọ́gà rí ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ kan ní Ontario tí àárín rẹ̀ tutù bí òkúta. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ra irú rẹ̀ gan-an lábẹ́ orúkọ kan náà nítòsí ilé mi, ó gbóná, ó rọ̀, sàláàdì inú rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀ka méjì nínú agbègbè kan lè yàtọ̀ síra ju bí Toronto ṣe yàtọ̀ sí Paris lọ.

Kí ló dé tí ahọ́n mi fi ń sọ fún mi pé ti Kánádà níyọ̀ jù?

Ahọ́n yín ò parọ́. Ní 2012, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Kánádà tí wọ́n ń pè ní Canadian Medical Association Journal gbé ìwádìí kan jáde lórí iyọ̀ inú oúnjẹ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Kánádà, Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Faransé, Australia àti New Zealand. Kánádà àti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí iyọ̀ wọn pọ̀. Ti Ìlú Ọba àti Faransé kéré sí tiwọn. Àpẹẹrẹ tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Chicken McNuggets: nínú gíráàmù 100, iyọ̀ gíráàmù 1.6 ni wọ́n bá nínú ti Amẹ́ríkà, nígbà tí ti Ìlú Ọba jẹ́ gíráàmù 0.6 péré. Ilé iṣẹ́ kan náà, orúkọ kan náà, adìyẹ gígé wẹ́wẹ́ kan náà.

Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń sọ pé àwọn ò lè dín iyọ̀ kù láìba oúnjẹ jẹ́. Àmọ́ àwọn kan náà ló ti ń dín in kù lódìkejì òkun, tí àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ń rà á. Ìjọba Ìlú Ọba ló gbé ìwọ̀n tí kì í ṣe dandan kalẹ̀ fún wọn láti máa lé láti àárín àwọn ọdún 2000, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú àyípadà wá.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, tàbí tó ní òbí tó ní in, kó má fojú fo èyí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ló ń tẹ iye iyọ̀ inú oúnjẹ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó kí ẹ tó jáde nílé. Ṣùgbọ́n ní Kánádà, sódíọ̀mù ni wọ́n máa ń kọ, ní Yúróòpù iyọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ fi 2.5 lọ́po sódíọ̀mù kí ẹ tó fi méjèèjì wéra.

Ṣé òótọ́ ni pé họ́mónù wà nínú ẹran màlúù Kánádà?

Òfin Kánádà gba àwọn àgbẹ̀ láyè láti lo àwọn họ́mónù kan tó ń mú màlúù tí wọ́n ń sìn fún ẹran tètè sanra. Òfin Yúróòpù ò gbà á, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gba ẹran bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè láti 1989. Ìlú Ọba kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, síbẹ̀ ó di òfin náà mú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà ńlá sílẹ̀ rí. Kánádà àti Amẹ́ríkà pe Yúróòpù lẹ́jọ́ níwájú àjọ òwò àgbáyé, WTO, wọ́n jàre, ní 1999 wọ́n sì gbà wọ́n láyè láti bu owó orí lé ọjà Yúróòpù. Amẹ́ríkà mú wàràkàṣì Roquefort ti Faransé mọ́ àwọn tó bu owó lé. Inú bí àwọn àgbẹ̀ tó ń sin àgùntàn wàrà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, José Bové kó wọn jọ, wọ́n lọ tú McDonald's tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Millau palẹ̀. Ẹran Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ìjà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, orí ilé bọ́gà ní gúúsù Faransé ló parí sí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ yẹra fún họ́mónù ní Kánádà, ọ̀nà wà. Láti 2013 ni ilé bọ́gà A&W ti Kánádà ti ń ra ẹran màlúù tí wọn ò fi họ́mónù sìn, wọ́n sì fi ń polówó. Ní ti wàrà tí ẹ ń bù sí kọfí, ẹ fọkàn balẹ̀: Kánádà kọ họ́mónù tí wọ́n ń fún màlúù wàrà ní Amẹ́ríkà.

Adìyẹ ńkọ́? Ṣé àwọn náà ń fi họ́mónù sìn ín?

Rárá. Láti àwọn ọdún 1960 ni Kánádà ti fòfin de họ́mónù nínú adìyẹ, Yúróòpù náà ò gbà á. Tí ilé oúnjẹ kan bá kọ ọ́ gàdàgbà pé adìyẹ àwọn ò ní họ́mónù, ohun tí gbogbo ayé ibẹ̀ ń ṣe ló ń polówó.

Oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn ni ẹ bá kúkú máa béèrè. Yúróòpù dá fífi irú oògùn bẹ́ẹ̀ mú ẹran sanra dúró ní 2006, láti 2022 wọ́n tún fòfin de fífún agbo ẹran ní oògùn lásán láìsí àìsàn. Ní Kánádà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin adìyẹ fúnra wọn ló pinnu láti máa fi àwọn oògùn tó ṣe pàtàkì jù fún èèyàn sílẹ̀: ìpele kìíní ní 2014, ìkejì nígbà tí 2018 ń parí lọ. Lórí adìyẹ, àlàfo àárín apá méjèèjì ò fẹ̀ rárá.

Pòtétò díndín: Bẹ́ljíọ̀mù ni àbí Kánádà?

Fún pòtétò lásán, Bẹ́ljíọ̀mù. N ò ní fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹ lọ sí Maison Antoine ní Place Jourdan, Brussels, tó ti wà níbẹ̀ láti 1948, ẹ dúró sórí ìlà, kí ẹ fi ojú yín wò ó. Wọ́n á kọ́kọ́ dín in nínú òróró tí kò gbóná jù, títí yóò fi jinná tí kò sì tíì pọ́n. Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó sinmi. Nígbà tó bá kan yín, wọ́n á tún dà á sínú òróró gbígbóná yòò, á máa hó ṣààà, ojú rẹ̀ á di bíi wúrà, wọ́n á gbọn omi ọ̀rá dànù, wọ́n iyọ̀ sí i, rọ́ ọ sínú ìwé tí wọ́n ká bí ìwo. Ìta rẹ̀ á gan, inú rẹ̀ á rọ̀ bí ìyẹ̀fun. Ọ̀pọ̀ àwọn onípòtétò ibẹ̀ ṣì ń lo ọ̀rá màlúù, òun ló fún un ní adùn tí òróró ewébẹ̀ ò ní. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, kó béèrè kó tó rà á.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé Kánádà ló ń bọ́ púpọ̀ nínú ayé ní pòtétò díndín. McCain bẹ̀rẹ̀ ní 1957 ní Florenceville, ìlú kékeré kan ní New Brunswick, ó sì ti wá di ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ tó tóbi jù lórí pòtétò inú yìnyín. Ó ní ilé iṣẹ́ ní Scarborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ ṣípìsì ní ilé ọtí kan ní Leeds, tó ń fi Kánádà ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ilé iṣẹ́ Kánádà ló ti ń jẹun.

Báwo ni mo ṣe máa mọ poutine tó dára?

Etí ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Wàrà tútù tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dún kín-ín-kín-ín láàárín eyín. Ẹni tó bá ti jẹ wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà ní Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ irú rẹ̀: ó nípọn, ó ní omi díẹ̀ nínú, kò yọ́ bọ̀rọ̀. Wàrà yẹn kì í dún mọ́ tó bá ti sùn nínú fíríìjì, ìdí nìyẹn tí poutine Quebec fi ju ti ibòmíràn lọ. Àwọn ilé wàrà wà nítòsí, òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń gbé e dé.

Bí wọ́n ṣe tò ó náà ṣe kókó. Pòtétò gbígbóná nísàlẹ̀, wàrà lórí rẹ̀, ọbẹ̀ ẹran aláwọ̀ dúdú tó ń rú èéfín gbẹ̀yìn. Wàrà á rọ̀ ní etí, àárín rẹ̀ á ṣì le. Tí wọ́n bá fi wàràkàṣì rírin tí wọ́n ń bù sórí písà rọ́pò rẹ̀, ẹ ti pàdánù owó yín. Warwick àti Drummondville, ìlú méjì ní Quebec, ṣì ń bá ara wọn fà á lórí ta ló kọ́kọ́ ṣe é. Warwick ní 1957 ni tàwọn. Ní Montreal, La Banquise ní Rue Rachel ni wọ́n máa ń júwe fún àlejò, ìlà ibẹ̀ sì gùn. Mo ti jẹ é níbi kékeré tí kò lórúkọ tó dùn jù ú lọ.

Döner Berlin àti donair Halifax, ṣé nǹkan kan náà ni?

Ọmọ ìyá ni wọ́n, ìwà wọn ò jọra. Àwọn ará Tọ́kì tó ṣí wá ṣiṣẹ́ ní Jámánì ló gbé döner kalẹ̀ ní Berlin. Kadir Nurman ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, pé ó ń tà á nítòsí ibùdókọ̀ Zoo ní 1972. Búrẹ́dì gbígbóná, ẹran tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé lára ọ̀pá tó ń yí, kábéèjì, àlùbọ́sà, ọbẹ̀ yógọ́ọ̀tì tó ní aáyù, ata tí ẹ bá béèrè. Ẹnu Yorùbá máa ń bá a mu gan-an, ẹ ṣáà ní kí wọ́n fi ata sí i dáadáa.

Ní Halifax, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì kan, Peter Gamoulakos, ló yí i padà ní àwọn ọdún 1970: ẹran màlúù lílọ̀ tó kún fún èròjà, pẹ̀lú ọbẹ̀ aládùn tí wọ́n fi wàrà inú agolo, ọtí kíkan àti aáyù ṣe. Ní oṣù Kejìlá 2015, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò, wọ́n sọ ọ́ di oúnjẹ ìlú Halifax. Ọbẹ̀ dídùn lórí ẹran máa ń ṣe àlejò bákan. Ẹ fún un láyè ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó ṣèdájọ́.

Lórí ẹran fúnra rẹ̀, Jámánì ní ìlànà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹran lílọ̀ inú ohun tí wọ́n bá pè ní döner kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 60 nínú 100 lọ, ìyókù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹran gígé. Èyí tí kò bá kún ojú ìwọ̀n náà, “Drehspieß” ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sí i. Ẹ wo pátákó dáadáa: bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ máa rìn lọ sí ìsọ̀ tó kàn.

Kí ló dé tí àwọn àgbà Kánádà fi ń sọ pé Tim Hortons ò rí bíi tàtijọ́ mọ́?

Torí wọ́n rántí òórùn rẹ̀. Ní 1964 ni agbábọ́ọ̀lù orí yìnyín náà, Tim Horton, ṣí ilé kọfí àti dónọ́ọ̀tì náà ní Hamilton, wọ́n sì máa ń ṣe dónọ́ọ̀tì nínú ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ lóròòru. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan án dé ìlàjì ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Brantford, wọ́n á fi sínú yìnyín, wọ́n á kó o lọ sí àwọn ẹ̀ka kí wọ́n lọ yan ìyókù. Ilé iṣẹ́ Áyálàǹdì kan ni ẹnìkejì wọn nínú òwò náà nígbà yẹn. Ní 2014, Tim Hortons àti Burger King di ọ̀kan lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan.

Mo bá àwọn àgbà náà kẹ́dùn. Kọfí rẹ̀ ṣì wúlò ní òwúrọ̀ tí òtútù ń gé èèyàn létí, ó sì jẹ́ ibi ìpàdé fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò ní ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n dónọ́ọ̀tì tó tinú yìnyín jáde ò lè dà bí èyí tí òróró rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Ṣé búrẹ́dì Yúróòpù sàn jù lóòótọ́?

Ní ìsọ̀ búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ilé bọ́gà, ẹ máà gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Áyálàǹdì dájọ́ pé búrẹ́dì tí wọ́n ń lò ní Subway kì í ṣe búrẹ́dì lójú òfin owó orí ibẹ̀: ṣúgà inú rẹ̀ tó ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ìyẹ̀fun, bẹ́ẹ̀ òfin ò gbà ju 2 lọ. Yúróòpù ni Áyálàǹdì wà o.

Kánádà náà sì ní búrẹ́dì tó lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni: bagel Montreal, tí wọ́n bọ̀ nínú omi oyin, tí wọ́n yan lórí iná igi ní St-Viateur àti Fairmount. Ẹ rà á ní gbígbóná, ẹ jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà láìfi nǹkan kan sí i.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ibì kan mọ́ tónítóní kí n tó wọlé?

Àwọn wolé-wolé ti bá yín ṣe é. Ní Toronto, káàdì DineSafe máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà láti 2001: àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó yege, àwọ̀ ìyeyè pé wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe, pupa pé wọ́n ti tì í pa. Ní England, Wales àti Northern Ireland, máàkì 0 sí 5 ni. Ní Wales àti Northern Ireland, dandan ni kí wọ́n gbé e síta. Ní England kì í ṣe dandan, nítorí náà, bí ẹ kò bá rí i lára fèrèsé, ẹ wá a sórí fóònù yín. Dẹ́nmáàkì ń fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó fajú ro hàn, ọmọdé gan-an lè kà á.

Kí ló dé tí owó tí mo san ní Toronto fi ju èyí tí wọ́n kọ sára pátákó lọ?

Ní Kánádà, owó orí kì í sí nínú iye tí wọ́n kọ. Ní Ontario, 13% ni wọ́n ń fi kún un. Ní Quebec, 5% àti 9.975%, ní Alberta, 5% péré. Oúnjẹ dọ́là 10 á di 11.30 ní Toronto, á di 11.50 ní Montreal. Ní Ontario, tí gbogbo ohun tí ẹ rà ò bá ju dọ́là 4 lọ, 5% nìkan ni ẹ máa san. Ní Yúróòpù, iye tí ẹ rí ni iye tí ẹ máa san.

Ẹ̀rọ ìsanwó Kánádà á tún bi yín ní tíìpù, nígbà mìíràn láti 15% lọ sókè, lórí kọfí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé. Kò sí òfin tó fi dandan lé e ní káńtà. Ẹ tẹ ibi tí ẹ bá fẹ́ láìsí ìtìjú.

Mùsùlùmí ni mí. Ibo ló ti rọrùn jù láti rí hàláàlì?

Lọ́ńdọ̀nù àti Berlin rọrùn, Toronto àti agbègbè rẹ̀ náà rọrùn gan-an. Láti 2016 ni òfin Kánádà ti sọ pé ẹni tó bá pe oúnjẹ rẹ̀ ní hàláàlì gbọ́dọ̀ dárúkọ àjọ tó jẹ́rìí sí i, ìyẹn sì ń jẹ́ kí ìbéèrè rọrùn. Ní Ìlú Ọba, àwọn ẹ̀ka KFC kan jẹ́ hàláàlì, àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wádìí. Bí ẹ bá ń jáde kúrò ní àwọn ìlú ńlá Kánádà lọ sí ìlú kéékèèké, ẹ gbé oúnjẹ dání.

Ẹ̀pà ò bá ọmọ mi lára mu. Ibo ni kí n ti ṣọ́ra jù?

Ní Yúróòpù, láti oṣù Kejìlá 2014, ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè sọ fún yín bí èyíkéyìí nínú nǹkan 14 tó máa ń ṣe ara ní jàǹbá bá wà nínú oúnjẹ, títí kan ẹ̀pà, àwọn ohun inú omi bí edé àti alákàn, ẹyin àti wàrà. Ní Kánádà, òfin àkọlé ìjọba àpapọ̀ le lórí oúnjẹ inú páálí. Ní káńtà ilé oúnjẹ, ẹnu yín ni kí ẹ lò. Ẹ bi alábòójútó, kì í ṣe ọmọ tó ń gbowó. Ẹ sọ fún un ní kedere pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe pé ọmọ kò fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ní Peckham ò jẹ nǹkan mìíràn ju adìyẹ ojú pópó lọ. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?

Adìyẹ bí irú ti Morley's, tó bẹ̀rẹ̀ ní Sydenham ní 1985, jẹ́ apá kan ìgbésí ayé àwọn ọmọ Yorùbá ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbóná, owó rẹ̀ kò wọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Mo lóye wọn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀ ti di ìṣe fún àwọn kan, pẹ̀lú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ńlá.

Ẹ máà kọ́kọ́ fòfin dè é. Ẹ bá wọn gé ohun mímu náà kúrò, omi ni kí wọ́n mu. Ẹ jẹ́ kí ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ wà nínú ìkòkò kí wọ́n tó dé, nítorí ọmọ tí ebi ń pa kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ.

Bí òfin Yúróòpù ṣe le jù, ṣé ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ Kánádà léwu?

Ó dá lórí bí wọ́n ṣe ń ronú. Yúróòpù máa ń sọ pé bí a ò bá lè fi ọkàn balẹ̀ lórí nǹkan kan, ká dá a dúró ná. Kánádà máa ń sọ pé kí a fi ẹ̀rí ewu hàn wá kí a tó dá a dúró. Ní 2022, Yúróòpù yọ titanium dioxide, ìyẹ̀fun tó ń mú oúnjẹ funfun, kúrò nínú oúnjẹ; Kánádà yẹ ẹ̀rí kan náà wò, ó fi í sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ gidi ló wà ní apá méjèèjì.

Kánádà pàápàá ti ṣáájú rí. Ọ̀rá àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní trans fat, tó ń dí iṣan ọkàn, Kánádà fòfin de orísun rẹ̀ tó tóbi jù ní oṣù kẹsàn-án 2018. Oṣù kẹrin 2021 ni òfin ti gbogbo ẹgbẹ́ Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dẹ́nmáàkì ti ṣe tirẹ̀ láti 2003. Ontario ti ń mú kí ilé oúnjẹ ńlá kọ kálórì sára pátákó láti 2017. England ṣe é ní 2022.

Kí ló dé tí irú oúnjẹ kan náà fi máa ń dùn mí lẹ́nu jù ní Yúróòpù, kódà bí èròjà ò bá yàtọ̀?

Ẹ ronú sí ibi tí ẹ ti jẹ ẹ́. Ìlú Kánádà ni wọ́n kọ́ fún mọ́tò. Ẹ wa ọkọ̀ débi fèrèsé, wọ́n na àpò ìwé sí yín, ẹ dì í, ẹ wakọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé ilé. Ooru tó há sínú àpò náà ti mú kí pòtétò rọ̀, búrẹ́dì ti mu omi. Ní Amsterdam, ẹ ju owó sínú ògiri FEBO, ilé oúnjẹ tó ń tà láti inú àpótí ara ògiri, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré, ẹ fa kroket (ẹran díndín tí wọ́n fi èérún búrẹ́dì bò) gbígbóná jáde, ẹ sì ti jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó dé igun òpópónà.

Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ ti ń sọ Yúróòpù náà dà bí Kánádà báyìí. Bọ́gà tó ti fi ogún ìṣẹ́jú jókòó sínú báàgì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ní Milan ò ní dára ju ti Calgary lọ.

Èmi ń gbé Brampton, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kò sí oúnjẹ gidi ní Kánádà. Báwo la ṣe lè yanjú ẹ̀?

Bí ọmọdé ò bá tíì dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bí wọ́n bá wá kí yín, ẹ máà mú wọn lọ sí ilé bọ́gà tí wọ́n ní níbẹ̀, torí lórí ìyẹn ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre. Ẹ gbé wọn lọ sí Montreal, ẹ fún wọn ní ẹran tí wọ́n fi èéfín yan ní Schwartz's, tó ti wà láti 1928. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gé e pé kó má yọ gbogbo ọ̀rá rẹ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ fi ilé iṣẹ́ kan náà wéra ní tòótọ́, ẹ mú oúnjẹ kan, wákàtí kan náà lọ́sàn-án, ẹ jẹ ẹ́ ní káńtà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ṣẹ́ pòtétò kan sí méjì kí ẹ tó jẹ ẹ́: bó bá dún, òróró gbóná dáadáa nígbà tí wọ́n dín in, bó bá kàn tẹ̀ bí okùn, ó ti pẹ́ lábẹ́ iná ìmúgbóná. Ẹ la bọ́gà sí méjì, ẹ wo etí ẹran náà bóyá ó pọ́n tàbí ó kàn jẹ́ eérú. Kí ẹ̀gbọ́n yín ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Èmi àti àbúrò mi tó wà ní Berlin ṣe é ní ọdún tó kọjá: ó borí mi lórí iyọ̀, mo borí rẹ̀ lórí pòtétò.